Fítámì C Tí Mo Kùn Lọ Sílé Àna

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ Ọlọ́run títí pé kó bá mi pa á rẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ fojú han àwọn òbí Rafíátù, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́, ní àdúgbò Aflao-Gakli. Ojú ni mo ní kí n lọ fi hàn, ojú náà ló sì fẹ́ ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Pọ́ọ̀tù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, à ń já ẹrù inú kọ̀ǹténà. Oòrùn ibẹ̀ kì í ṣeré. Ojú mi ti dúdú ju ọrùn mi lọ, irorẹ́ sì ti gba gbogbo àgbọ̀n mi. Ká sọ òótọ́, Rafíátù ò fìgbà kan sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Èmi ni mo gbé e sórí. Alàájì ni bàbá ẹ̀, Nàgó, ìyẹn Yorùbá tó wá láti Bẹ̀nẹ̀, ó ń ta aṣọ, gbogbo ọmọ ẹ̀ ló sì pupa. Mo ní bí wọ́n bá rí ojú tèmi, wọ́n á ní ọmọ àwọn ti lọ fẹ́ eléèédú.

Orí fóònù ni mo ti rí obìnrin kan tó ń sọ pé fítámì C ló ń tún ojú ṣe, pé ó ń pa àpá rẹ́, ó sì ń jẹ́ kójú dán. Mo gba ilé oògùn lọ ní Hanoukopé, àdúgbò tí mò ń gbé. Ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ gbé ìgò kékeré kan jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn ojú. Nígbà tó dárúkọ iye tó ń tà á, mo rọra gbé ìgò náà padà bí ẹni gbé ẹyin. Ibẹ̀ ni mo ti rí ike gbọọrọ tí wọ́n ń kó fítámì C oníhóró sí, èyí tí gbogbo wa máa ń jù sínú omi tí òtútù bá mú wa, tó máa ń hó ṣìì.

"Mádáàmù, ṣé fítámì C kọ́ nìyí ni?"

"Òun ni, mùsíọ̀. Àmọ́ mímu ni wọ́n ń mu ún."

Mo dúpẹ́, mo rà á. Èyí tó sọ gbẹ̀yìn yẹn, mo gbọ́ ọ o. Mi ò kàn kà á sí ni.

Nígbà tí mo délé, mo ju hóró kan sómi, mo fi bọ́jú. Ó hó, ó ṣàn lọ, ojú mi ò yàtọ̀. Mo jókòó, mo ronú. Ẹ wá wo ọgbọ́n tó sọ sí èmi tí mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kí wọ́n tó kọ́ wa dé irú ibẹ̀: mo ní agbára oògùn náà ló ń bá ìhó yẹn lọ! Bó bá ti hó tán sínú ife, kí ló kù fún ojú? Ohun tó yẹ ni kí n tì í mọ́lé kó má ráyè hó. Ni mo bá lọ gbogbo hóró tó kù kúnná, mo pò ó mọ́ òrí, mi ò jẹ́ kómi kàn án. Kò hó. Mo ní ọwọ́ mi ti tẹ̀ ẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, mo kùn ún nípọn bí ẹni ń rẹ́ ògiri. Àbúrò bàbá mi, Bàbá Múfú, tó fẹ́ bá mi lọ ṣe agbẹnusọ, rí mi, ó dúró.

"Kí ló dé tó o fi ń dán bí àkàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú epo?"

"Òrí ni, Bàbá."

"Òrí wo ló ń run ọsàn?"

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. A gun ọ̀kadà, èyí tí wọ́n ń pè ní zémì níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Iyanrìn ọ̀nà lẹ̀ mọ́ mi lójú. Oyin kan tún tẹ̀ lé mi, ó ń fò lẹ́bàá etí mi bí ẹni tó sanwó ọkọ̀. Nígbà tí òógùn àkọ́kọ́ yọ níwájú orí mi, mo gbọ́ ohùn kékeré kan: ṣìì. Mo rò pé oyin yẹn ni.

A dé ilé Alàájì. Òun jókòó sórí àga, ìyàwó ẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ìyá tó bí Alàájì, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, Rafíátù sì ń yọjú lẹ́yìn kọ́tíìnì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ mọ̀ pé ẹni tó wá tọrọ ọmọ kì í dìde àfi tí wọ́n bá ní kó dìde. Alàájì ò sì kánjú. Iná ti lọ, fáànù ti dúró. Ó béèrè ìlú wa, ó béèrè iṣẹ́ mi, ó béèrè bóyá mò ń kírun. Òógùn ń kó jọ sí mi lójú. Ó wá wú ikọ́.

"Bàbá Múfú, ẹ máà bínú o, ìbéèrè àwọn àgbà ni. Kò sí wèrè nílé yín? Kò sí ẹ̀tẹ̀? Kò sí wárápá?"

Bàbá Múfú na ọwọ́ sókè. "Alàájì, mo fi Ọlọ́run búra, látorí bàbá ńlá wa títí dórí ọmọ yìí, kò sí wárá—"

Ojú mi bá dáhùn: ṢÌÌÌÌ.

Ìfófòó aláwọ̀ ọsàn yọ níwájú orí mi, ó gba imú wálẹ̀, ó ń kán sórí ẹní. Ó wọ̀ mí lójú, ó ta mí bí ata, ni mo bá ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ọkùnrin dojú bolẹ̀, ó ń hó, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n rò?

"Yéè! Wárápá!"

Ìyá Rafíátù gbé búta tí Alàájì fi ń ṣe àlùwàlá, ó da omi inú ẹ̀ lé mi lórí. Háà! Gbogbo ohun tí mo tì mọ́lé gba òmìnira lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo hó títí tí ìfófòó fi bo etí mi.

"Ṣíbí! Ẹ fi há a lẹ́nu, kó má gé ahọ́n jẹ!"

Mo la ẹnu pé kí n ní "fítámì C ni", ṣíbí ọbẹ̀ wọlé. Ohun tí wọ́n gbọ́ ò ju "í-á-í" lọ.

"Ó ti ń fọ èdè àjèjì!"

Mo fi ojú kan wo Bàbá Múfú. Ọwọ́ tó fi ń búra ṣì wà lókè, kò mọ ibi tó máa gbé e sí. Títí dòní, ọwọ́ yẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Ìyá Àgbà ló dìde. "Ẹ gbé ariwo yín sọlẹ̀." Ó fi ìka nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó gbọ́ òórùn ẹ̀, ó tọ́ ọ lá. Gbogbo ilé kígbe. Ìyá pọ́n ẹnu lá, ó tún tọ́ ọ lá lẹ́ẹ̀kejì.

"Ọsàn ni. Ohun tẹ́ ẹ máa ń jù sómi fún mi láràárọ̀ rèé. Ta ló kó o lé ọmọ ọlọ́mọ lójú?"

Wọ́n yọ ṣíbí. Mo jẹ́wọ́ gbogbo ẹ̀, mo ṣì ń hó díẹ̀díẹ̀. Rafíátù wá jáde lẹ́yìn kọ́tíìnì.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ojú ẹ ò dáa? Ojú tí mo rí lọ́nà pọ́ọ̀tù tí mo fi dá ẹ lóhùn, òun lo wá ń sè bí ẹ̀kọ?"

Alàájì nu ẹsẹ̀ ẹ̀ tí ìfófòó ta sí.

"Bàbá Múfú, ẹ máa mú un lọ ná. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tún ń bọ̀, ojú tí ìyá ẹ̀ bí mọ́ ọn ni kó gbé wá. Èmi ò lè fọmọ fún ẹni tí mi ò tíì rí ojú ẹ̀."

Ojú náà bó bí iṣu sísun, nígbà tó sì san, ó dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Rafíátù ló wá là mí lóye pé fítámì C ojú ń bẹ lóòótọ́, ìgò kékeré yẹn náà ni, pé díẹ̀ ni wọ́n ń kán, wọ́n sì ń sá fún oòrùn. Mo ní kó máa lo tiẹ̀. Omi àti ọṣẹ nìkan ni mo fi bọ́jú kí n tó padà lọ. Alàájì wò mí lọ wò mí bọ̀, ó ní, "Ẹ̀hẹn, ojú rèé," ó sì fún mi lọ́mọ. Bàbá Múfú bá mi lọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ó ní òun ò ní búra fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ohun tí mo rí kọ́ ò ju báyìí lọ: ohun tí wọ́n ní ká mu, ká mu ún, ojú tí wọ́n fi fẹ́ràn wa, ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Títí dòní, bí mo bá ti ń dọ̀bálẹ̀ nílé yẹn, Ìyá Àgbà á ké látẹnu ọ̀nà pé, "Ẹ gbé búta sẹ́yìn o, ọkọ ọmọ mi ti délẹ̀!" Gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín tèmi nílẹ̀ níbẹ̀, torí ojú mi ti kan ẹní, kò sẹ́ni tó máa rí i pé ẹ̀rín ìtìjú ni.