Kásẹ́ẹ̀tì Inú Ilé Ẹ̀rọ

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Bobè ní Àlàmísì tó kọjá, ẹ̀rín sì ti wọlé kí olùpẹjọ́ tó wọlé. Mounirou, tó ni ilé ẹ̀rọ tí gbogbo abúlé ti ń lọ àgbàdo, jókòó sílẹ̀, ó fọwọ́ bo àpò bùbá rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì kan ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan ṣoṣo tó mọ̀ pé ó wà láti Bantè dé Savalou. Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rárá, nítorí Aminatou tó pè é lẹ́jọ́ ti ń sọ lẹ́nu ọ̀nà pé inú iná ni wọn yóò sọ kásẹ́ẹ̀tì náà sí.

"Kí ló ṣẹlẹ̀, ìyá Hanane?" ni ọba bi Aminatou.

"Kábíyèsí, ó ti tó ọjọ́ mẹ́jọ tí ẹ̀rọ Mounirou ti bàjẹ́, a ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ ọ lóko, ó ń lọgun. Mo ru àgbàdo, mo rìn fún wákàtí kan, mo bá obìnrin mẹ́wàá tí wọ́n ti tò síwájú mi. A jókòó títí oòrùn fi ń rọ̀. Ni ariwo bá dákẹ́, Mounirou ní ká ní sùúrù, kí òun yí i sí ojú kejì. Mo wá bi í pé ẹ̀rọ wo ló ní ojú kejì."

"Mounirou, o tan àwọn obìnrin yìí jẹ?"

"Kábíyèsí, mi ò pe ẹnì kankan. Orin mi ni mò ń gbọ́ nínú ilé ẹ̀rọ mi. Wọ́n wá, wọ́n jókòó, wọ́n tẹ́tí. Mo rò pé orin ni wọ́n wá gbọ́, inú mi sì dùn."

"Pẹ̀lú igbá àgbàdo lórí wọn?"

"Mo rò pé ojú ló ń tì wọ́n, ni wọ́n fi gbé igbá dání."

Ẹ ò rí i pé ọkùnrin yìí láyà.

"Orin ta ni?"

"Ti àwọn ọmọkùnrin òyìnbó mẹ́rin kan. Òyìnbó tó wá gbẹ́ kànga ní Atokoligbé ló fún mi. Ó ní nílùú wọn pàápàá, ẹni tó rà á ò tó igba. Wọn ò mọ iyì rẹ̀." Mounirou fọwọ́ tẹ àpò rẹ̀. "Kábíyèsí, onígìtá wọn ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé, onílù ń sáré tẹ̀ lé e, síbẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà ni wọ́n jọ ń parí rẹ̀. Ó di ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ọ, mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ṣì í."

Wọ́n pe Imorou tó ń tún alùpùpù ṣe wá jẹ́rìí.

"Ariwo ẹ̀rọ ni mo gbọ́," ló wí. "Òróró ló ti gbẹ nínú rẹ̀."

"Ẹni tó ń ké nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo rò pé ìka Mounirou ló há síbẹ̀."

"O ò sì lọ gbà á?"

"Ó ń ké létòlétò, Kábíyèsí. Mo ní ó ti mọ́ ọn lára."

Rakia, tó jókòó ti Aminatou nílé ẹ̀rọ lọ́jọ́ náà, ní irọ́ ni. "Orin ni. Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀."

"Kí lo tún padà wá ṣe lọ́jọ́ kejì?"

Rakia wolẹ̀. "Mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti bọ́ lọ́wọ́ ohun tó ń lé wọn."

Ọba ní kí wọ́n gbé rédíò wá. Wọ́n gbọ́ ojú kìíní tán. Olóyè kan ki aṣọ bọ etí. Ọba ń fìka lu apá àga, kò sì mọ̀.

"Iná ni mo fẹ́ o," ni Aminatou wí.

"A ò ní sun ún. Mounirou, títí ẹ̀rọ rẹ yóò fi sàn, ìwọ ni wàá máa fi odó gún àgbàdo gbogbo wọn. Kásẹ́ẹ̀tì yóò máa dún. Bí onílù bá ṣe ń sáré ni ọmọ odó rẹ yóò máa sáré. Ibi tó bá ti sinmi, kí o sinmi. Aminatou ni yóò di rédíò mú."

"Kábíyèsí, àwọn ọmọ yẹn kì í sinmi."

"Ìwọ lo ní àwọn èèyàn ò mọ iyì wọn."

Nígbà tó fi di ọjọ́ Àìkú, àtẹ́lẹwọ́ Mounirou ti bó. Ọpẹ́lọpẹ́ bẹ́líìtì ẹ̀rọ tuntun tó ti Savalou dé. Imorou fi í sí i, ẹ̀rọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké bíi ti tẹ́lẹ̀. Mounirou mí kanlẹ̀, ó sì na ọwọ́ sí Aminatou pé kó dá kásẹ́ẹ̀tì òun padà.

Aminatou gbé rédíò mọ́ àyà. "Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn ná," ló wí. "Kò jẹ́ kí n gbọ́ onígìtá."