Bí Sìgá Bá Kúrò, Ta Ló Kù?

Rùkàyyàt gun ọ̀kadà láti Ìsundùnrín wá sí Ẹ̀jìgbò, ó wọ ṣọ́ọ̀bù Àbùbákàr télọ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣiṣẹ́ ní Abidjan kó tó padà wálé. Ní báyìí, ó ti bọ́ sínú fíìmù kan tí wọ́n ń gbé sórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun sì ni ọ̀gá àwọn jàǹdùkú tó máa ń fa sìgá. Ẹ̀rọ ìránṣọ ń ké, Àbùbákàr kò sì tíì jẹun ọ̀sán.

"Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ló rán mi sí yín."

"Ẹgbẹ́ odó? Èmi kì í gúnyán o. Ìyàwó mi ni kí ẹ lọ bá."

"Ọ̀dọ́, bàbá. Àwa ọmọdé. A ò fẹ́ sìgá nínú fíìmù mọ́. Ẹ̀bẹ̀ la mú wá."

Àbùbákàr gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ẹ̀bẹ? Ṣé iṣu Ifẹ̀-Ọ̀dàn lẹ fi sè é?"

"Ẹ̀bẹ̀ ni mo wí. Ìpẹ̀ ni."

"Ìpẹ́? Ẹ ò yọ ìpẹ́ ẹja kúrò kí ẹ tó sè é?"

Rùkàyyàt mí kanlẹ̀. Ó ti kọ́ ọ̀rọ̀ tí yóò sọ sórí látorí ọ̀kadà; kò sí ẹja nínú ẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n là á. Àwọn ọmọ iléèwé lọ́dọ̀ wa ti wo fíìmù yín. Wọ́n ń ká bébà, wọ́n ń fi í sẹ́nu, wọ́n ń rìn bíi tiyín. Àbúrò mi obìnrin tiẹ̀ tiná bọ tirẹ̀."

Ojú Àbùbákàr yí padà. "Ṣé kò jóná?"

"Bébà jó. Irun ojú rẹ̀ apá kan náà lọ."

"Sùbúánàláì." Ó mirí, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìrìn yẹn, ṣé ó mọ̀ ọ́n rìn?"

"Bàbá. Ṣé ẹ ń fa sìgá nílé ni?"

"Èmi? Kò kan ètè mi rí kí n tó wọ fíìmù. Ikọ́ ni mo ń hú níbẹ̀. Olùdarí ní ó ń dún bí ẹ̀rín ìkà, pé kí n má wulẹ̀ lo oògùn."

"Ẹ sọ fún un pé ẹ ò fà á mọ́."

"Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ wo lo gbọ́ lẹ́nu mi nínú fíìmù yẹn?"

Rùkàyyàt ronú. "N ò rántí ọ̀kankan."

"Kò sí. Sìgá ló ń sọ̀rọ̀. Bí sìgá bá kúrò, ta ló kù? Àbùbákàr télọ̀ ló kù, ẹni tí àwọn oníbàárà ń jágbe mọ́ nítorí bọ́tìnnì. Fíìmù yìí ló jẹ́ kí wọ́n máa pè mí ní patron, bí a ṣe ń pe ọ̀gá ní Abidjan."

Àánú rẹ̀ ṣe Rùkàyyàt. Kò wá gba oyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

"Ẹ wá nǹkan mìíràn fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ fi pákò sẹ́nu."

Àbùbákàr fi pákò sẹ́nu, ó di ojú kan, ó tẹjú ìkejì mọ́ ọn.

"Ó rí báwo?"

"Ó dà bíi pé ẹ ń wá omi àlùwàlá."

"Obì ńkọ́?"

"Wọ́n á ní ìyàwó lẹ wá fẹ́."

Àbùbákàr tu èérún pákò dànù. Ó fa téèpù jáde, ó bọ́ síwájú Rùkàyyàt. Kò fọwọ́ kàn án. Ó rọra wọ̀n ọ́n láti àtàrí dé gìgísẹ̀.

"Bàbá, n ò mú aṣọ wá."

"Ó wà nílẹ̀."

"Irú aṣọ wo?"

"Funfun."

"Sítáì wo?"

"Kò lápá. Kò lápò. A kì í rán an."

Orí Rùkàyyàt mọ̀ pé aṣọ òkú yìí, eré ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni kò mọ̀.

Àbùbákàr bú sẹ́rìn-ín, ó pe olùdarí lórí fóònù, ó ro ọgbọ́n téèpù náà fún un pátá. Nígbà tó gbé e sílẹ̀, ojú rẹ̀ ń dán.

"Ó ní kí n má mú sìgá wá mọ́. Ó ní ara òun náà bù máṣọ."

"Alihamudulilai." Rùkàyyàt ti dé ẹnu ọ̀nà, ó ń juwọ́ sí ọlọ́kadà. "Ẹ ṣeun, bàbá. Mo ń lọ."

"Dúró, ọmọ mi. Gígùn ni mo wọ̀n. Ó ku fífẹ̀."