Toju Asa

Iṣẹ́ ọdẹ yìí ò gbọdọ̀ bọ́, torí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ọdẹ náà ti pinnu pé ohun tí bàbá onílé bá ní kí òun ṣe lòun ó ṣe, kò lé, kò dín. Bàbá onílé, tíṣà èdè tó ti fẹ̀yìn tì, wá ti ìrìn àjò dé. Ó bẹjú wo ilé ẹyẹlé. Ìyẹ́ nìkan ló kù níbẹ̀.

"Ọdẹ, ẹyẹlé mi dà?"

"Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí yín lórí fóònù, Tíṣà."

Tíṣà fi awò ojú sójú, ó ka fóònù. "'Eyele kan ti lo. Asa ni.' Mo ní òótọ́ ni. Àṣà ẹyẹlé ni kó jáde, kó tún wálé."

"Àṣá ni, sà. Kékeré, aláyà abilà. Orí wáyà iná ló ń bà sí."

Tíṣà tún wo fóònù. "Mo ní kí o wo àṣà wọn dáadáa."

"Mo wò ó, sà. Òun náà ń wò mí."

"O ò lé e?"

"Ẹ ní 'Toju asa.'"

"Ọ̀rọ̀ tí mo fi ń parí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ mi nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

"Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kó sùn lébi lọ́jọ́ kan."

"Kí lo wá fún un jẹ?"

Ọdẹ wo ilé ẹyẹlé. "Mo kọ́kọ́ fún un ní búrẹ́dì, sà."

Tíṣà jókòó sórí àtẹ̀gùn. "Wọ́n ní ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó dọjọ́ ìpọ́njú kó yẹrí."

"Wọ́n fẹ́ yẹrí, sà. Èmi ni mo tilẹ̀kùn."

"O ò mọ àṣà yàtọ̀ sí àṣá?"

"Ẹ ò fi àmì sí i."

"Ẹni tó bá gbọ́ èdè, kí ló fẹ́ fi àmì ṣe?" Tíṣà dìde, ó nawọ́ sí géètì. "Kó ẹrù ẹ. Ọdẹ ni mo ní mò ń wá, ọ̀dẹ̀ ló wá bá mi."

Ọdẹ bojú wo géètì. Pátákó tó rí kó tó wá tọrọ iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìkọ̀wé Tíṣà gàdàgbà: A N WA ODE.

"Tíṣà," ó ní, "ìyẹn náà ò ní àmì."