Síìmù Tí Mo So Mọ́ Etí Ìborùn

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó. Bí mo bá rántí rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, mo máa ń yára fi ìborùn bo ẹ̀rín ẹnu mi, kí ẹni tó jókòó tì mí má baà rò pé orí mi ti dàrú. Ọ̀rọ̀ síìmù ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá mi, nítorí pé bí kì í bá ṣe tìtorí ìyá mi, kí ni síìmù ì bá fi mí ṣe?

Ṣàpọ́n ni ilé wa ní Abẹ́òkúta, ọjà Ìtòkú sì ni ìyá mi ti ń ta àdìrẹ títí di òní. Èmi nìkan lọmọ tó bí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bó bá ti kí ìrun àsùbáà tán, yóò wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí. Kì í béèrè bóyá mo jí ire. Oríkì ló fi ń jí mi. "Àníkẹ́! Àníkẹ́ ọmọ aláró, ọmọ a-fi-ọwọ́-dúdú-kó-ire-wọlé, ọmọ a-sá-fún-òjò-má-sá-fún-ọ̀tá..." Ọmọ tí ìyá rẹ̀ bá sì ń kì, ìkúnlẹ̀ ló yẹ ẹ́. Èmi á fi ojú oorun kúnlẹ̀, màá máa ráhùn sínú pé kí ló dé tí wọn ò jẹ́ kí èèyàn sùn nínú ilé yìí. Ẹni tó bá sọ fún mi nígbà náà pé n ó fi omijé wá ohùn yẹn lọ́jọ́ iwájú, màá ní kó lọ wo ojú ara rẹ̀ nínú dígí.

Nígbà tí mo rí iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú kan lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo gbé síìmù ilé dání. Gbogbo àfẹ̀mọ́jú ni Màámi ń pè mí lórí rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tí wọ́n bá pè ọ́ lórí nẹ́tíwọọ̀kì ilé nígbà tó o wà lókè òkun, ìwọ tí wọ́n pè ni káàdì rẹ ń tán. Ó ń jẹ káàdì mi bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ èèpo iṣu. Màámi á ní, "Àníkẹ́ ọmọ aláró, ọmọ a-fi-ọwọ́..." Kẹ́! Ó ti já. Èmi á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú yàrá tó tutù bí inú ìkòkò omi, màá máa retí ìyókù, bí ọmọ iléèwé tí tíṣà ní kó kúnlẹ̀ tó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí oríkì mi bá ti já sáàárín, ara mi kì í yá gágá títí ilẹ̀ fi ń ṣú.

Ìdí nìyẹn tí mo fi pinnu láti bọ́ sábẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì àwọn òyìnbó. Ní tèmi, kò sí ìṣòro nínú rẹ̀. Ṣebí mo ti kúrò lábẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì kan bọ́ sí òmíràn rí ní Ìbarà nílé, tí nọ́ńbà mi ò sì yí padà? Bẹ́ẹ̀ náà ni n ó ṣe gbé nọ́ńbà mi kọjá síbí. Mo pe Màámi, mo sì fọ́nnu.

"Màámi, mo fẹ́ pààrọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì o. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà mi ò ní yí padà."

"Ṣé ó dá ọ lójú? Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn gbájúẹ̀ fojú Ìyá Sàídì rí."

Ìyá Sàídì àti Màámi ni wọ́n jọ ń tajà lọ́jà. Ẹnì kan ló fi nọ́ńbà àjèjì pè é, ó ní òun ni Sàídì, pé ọlọ́pàá ti mú òun lókè òkun. Obìnrin náà fi gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Sàídì gan-an ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nínú ilé lákòókò náà.

"Ó dá mi lójú," ni mo wí. "Ẹni tó bá fi nọ́ńbà mìíràn pè yín, tó ní òun ni èmi, olè ni. Ẹ ṣépè fún un, kẹ́ ẹ sì pa fóònù."

Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́. Ẹnu àìmẹ̀tọ́ yìí náà ni.

Mo dé ṣọ́ọ̀bù fóònù, ọkùnrin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ pupa ló dá mi lóhùn. Mo ní mo fẹ́ gbé nọ́ńbà mi wá sọ́dọ̀ wọn. Ó ní kò sí wàhálà. Mo ka nọ́ńbà fún un, ó tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ rẹ̀ kọ̀. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà, mo là á mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọdé ní kéwú. Ẹ̀rọ tún kọ̀. Ó wá bi mí pé ilẹ̀ wo ni nọ́ńbà yìí ti wá, mo ní Abẹ́òkúta ni. Ó ní, "Ẹ má bínú, màdáámù, nọ́ńbà kì í ti ilẹ̀ kan kọjá sí ilẹ̀ mìíràn." Mo bá a jiyàn. Mo ní ní Ìbarà, wọ́n ṣe é fún mi, mi ò tíì jókòó tán tó ti yanjú. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó fi ẹ̀sọ̀ yọ síìmù mi, ó fi tuntun sí i, ó ní kí n tọ́jú ti àtijọ́ dáadáa, pé bí mo bá nílò rẹ̀ kí n máa dá a padà sínú fóònù.

Èwo ni ìtọ́jú tó ju ti ilé wa lọ? Ìyá mi kì í fi ohun tó ṣe iyebíye sínú báàgì. Etí ìró ló máa ń so ó mọ́. Mo mú síìmù, mo fi í sí etí ìborùn, mo ta á ní kókó tó le dáadáa, mo sì ń yan lọ sílé. Nígbà tí mo délé, mo kó aṣọ ìdọ̀tí mi sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìborùn wà lára aṣọ náà. Nígbà tí mo rántí, mo dojú kọ ẹ̀rọ náà, mo ń wò ó bó ṣe ń yí ìyá mi po. Kókó tí mo ta ò tú o, ẹ jẹ́ n yin ara mi. Ṣùgbọ́n síìmù inú rẹ̀ ti ṣẹ́ sí méjì.

Inú síìmù yẹn ni mo tọ́jú nọ́ńbà gbogbo ará ilé sí. Ti Màámi nìkan ló wà lórí mi. Fóònù kékeré alátẹ̀ tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí ni Màámi sì ń lò, kò sí fídíò níbẹ̀ tí ì bá fi rí ojú mi. Èyí tó tún wá burú ni pé òtútù ti mú mi, ohùn mi ti há. Bí mo ṣe fi nọ́ńbà tuntun pè é nìyẹn.

"Màámi, èmi ni o."

"Ìwọ ta ni?"

"Èmi Àníkẹ́."

"Àníkẹ́ tèmi? Ohùn ọ̀pọ̀lọ́ yìí? Olè! Ọmọ mi ti sọ ọ́ fún mi tẹ́lẹ̀! Ìwọ tó ń fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹun, Ọlọ́run á dá ẹ lẹ́jọ́. Oúnjẹ á máa korò lẹ́nu ẹ!"

Ó pa fóònù. Mo tún pè, ó tún ṣépè, èyí tó tẹ̀lé e tún wá gbóná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Mo ń ṣe àmín sí i lódì, mo ń ní "ó di ọwọ́ Ọlọ́run, kò ní í jà mí," èpè ìyá tó bí mi lọ́mọ! Nígbà tó yá, kò gbé e mọ́. Ilẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kì mí. Ilẹ̀ tún mọ́, kò sẹ́ni tó kì mí. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbìyànjú láti ki ara mi, ṣùgbọ́n oríkì kì í dùn lẹ́nu ẹni tó ni ín. Àárò ilé wá sọ mí débi pé mo ń gbọ́ òórùn elú tí wọ́n fi ń ṣe aró nínú yàrá tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju kọ́fí lọ.

Ni mo bá padà sí ṣọ́ọ̀bù irùngbọ̀n pupa. Mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó wá ọgbọ́nkọ́gbọ́n dá sí i tí nọ́ńbà mi àtijọ́ á fi máa jáde lójú fóònù ìyá mi. Èrò pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ń ṣàlàyé fún mi pé àwọn ò lè ṣe é ni fóònù mi dún. Màámi ló ń pè! Níbi tí mo ti ń kánjú láti gbé e, mo tẹ sípíkà, ohùn ìyá mi sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù.

Kò ṣépè lọ́tẹ̀ yìí. Ohùn rẹ̀ rọ̀ bẹ̀lẹ̀jẹ̀. "Ẹ̀yin ajínigbé, ẹ kú iṣẹ́ o."

Mi ò tíì lanu tó fi ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Mo ti ń pe nọ́ńbà ọmọ mi, wọ́n ní kò sí níbẹ̀. Mo wá mọ̀ pé ọwọ́ yín ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ máa fún un lóúnjẹ. Kì í jẹ ata púpọ̀. Kẹ́ ẹ sì wá nǹkan dà bò ó, òtútù kì í bá a lára mu."

Ẹ̀rín ń pa mí, ẹkún ń pa mí, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe. "Màámi, kò sẹ́ni tó jí mi gbé! Síìmù mi ló bàjẹ́. Èmi rèé o!"

"Ẹ má fi mí ṣeré, mo bẹ̀ yín. Bó bá jẹ́ pé ọmọ mi ṣì wà láàyè lọ́dọ̀ yín, ẹ ní kó kúnlẹ̀ kí n gbọ́."

Ọ̀rọ̀ yìí lè rú ẹlòmíràn lójú, kò rú mi lójú. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo yọ̀ ṣubú lórí àpáta ẹ̀yìnkùlé wa, láti ọjọ́ náà ni eékún mi òsì ti máa ń dún bí igi gbígbẹ tí wọ́n ṣẹ́ bí mo bá kúnlẹ̀. Olè lè kọ́ orúkọ mi, ó lè kọ́ oríkì mi pàápàá. Eékún yìí ni kò lè kọ́.

Mi ò ro ẹ̀ẹ̀mejì. Ibi tí mo dúró sí níwájú irùngbọ̀n pupa ni mo kúnlẹ̀ sí, mo gbé fóònù sún mọ́ eékún. Ó dún: kẹ́kẹ́!

"Yéè!" ni Màámi ké. "Eékún ọmọ mi nìyẹn! Ìyá Sàídì, ẹ wá gbọ́ o! Eékún Àníkẹ́ nìyẹn!"

Bí èmi ṣe ń sunkún níbẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lẹ́yìn mi. Ẹlòmíràn gbà á. Kó tó ṣẹ́jú, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ti ń pàtẹ́wọ́, obìnrin arúgbó kan sì ń nu ojú. Mo gbójú sókè. Ojú ọkùnrin náà ti pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ó rọra na ọwọ́ tí òrùka ìgbéyàwó wà fún mi kí n rí i, ó ní, "Màdáámù, mo dúpẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n mo ti ní ìyàwó."

Níbẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí pé ní ilẹ̀ tiwọn, ẹni tó bá fẹ́ fẹ́ ènìyàn ló ń kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. Ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì. Ǹ bá ti dìde kí n sá, ṣùgbọ́n Màámi ti bẹ̀rẹ̀. "Àníkẹ́! Àníkẹ́ ọmọ aláró, ọmọ a-fi-ọwọ́-dúdú-kó-ire-wọlé..." Ta ni yóò dìde nígbà tí ìyá rẹ̀ ń kì í? Ìtìjú ń gùn mí, mo sì wà lórí ìkúnlẹ̀. Ó kì mí dé ìdí baba ńlá mi, kò sì já. Àtẹ́wọ́ dáwọ́ dúró, gbogbo wọn ń tẹ́tí. Nígbà tó parí, ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bi mí ní jẹ́jẹ́ pé kí ni ìyá yẹn ń sọ. Mo wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tì. Mo kàn sọ pé, "Wọ́n ń jí mi ni."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí ènìyàn má ṣe fọ́nnu fún ìyá rẹ̀ nípa ohun tí kò tíì ṣe tán, kó sì yọ ohun gbogbo kúrò létí ìborùn kó tó fọ̀ ọ́. Mo tún kọ́ pé ohun tó ṣiṣẹ́ ní Ìbarà lè má ṣiṣẹ́ níbòmíràn, àti pé èèyàn ò lè gbé ilé rẹ̀ sínú fóònù kó sì ní òun ti kó o dé.

Ní báyìí, nọ́ńbà òyìnbó yẹn ni Màámi ń pè ní àfẹ̀mọ́jú, oríkì mi sì ń dé láìjá. Bó bá kì mí tán, á ní, "Ó tó, dìde, ọmọ mi." Mo máa ń pẹ́ kí n tó dìde. Á bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́, màá ní eékún ló ń dùn mí. Á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, kò sì sí èyí tó ń béèrè nínú wa ìdí tí ohùn èkejì fi ń gbọ̀n.