Baba Ìtura àti Agéṣọ Tó Ń Béèrè Íǹṣì

Àìsàn kan wà láyé yìí tí kò gbóògùn: kí ènìyàn má lè la ẹnu sọ pé "n ò mọ̀". Ọ̀gá aránṣọ kan ló kó o. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀nà, á júwe rẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀nà ìlú tí kò dé rí. Bí ẹnì kan bá húkọ́ lójú títì, kí onítọ̀hún tó nu ẹnu, ó ti sọ irú ikọ́ tó jẹ́. Ni àwọn ará àdúgbò bá sọ ọ́ ní Mọ̀ọ́ntán. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà. Ó rò pé wọ́n ń yin òun ni!

Ká ní ó fi mọ sórí ikọ́ ni, ì bá sàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan ó wo fídíò ìṣẹ́jú méje nípa àìbalẹ̀ ọkàn, ó tún wo ti ìṣẹ́jú mẹ́rin nípa ọ́tísíìmù, ìyẹn bí ọpọlọ àwọn kan ṣe ń gba ọ̀nà tirẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré o! Kó tó di ọ̀sán, ó ti ṣí ojúewé kan sórí ayélujára, ó pe ara rẹ̀ ní Baba Ìtura, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sókè pé: "Àgbà kì í wà lórí ayélujára kí orí ẹnikẹ́ni dàrú."

Ni orí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ẹni tí kò rí oorun sùn, ó ní kó lọ sá eré. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà láti jáde nílé, ó ní kó lọ sùn. Obìnrin kan ní dókítà fún òun lóògùn fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, Baba Ìtura bi í bóyá dókítà náà tiẹ̀ ti wo fídíò. Ìmọ̀ràn tó bá fún ẹnikẹ́ni, ohun kan náà ló fi ń kádìí rẹ̀: "Mí sínú, mí síta." Àfi bí ẹni pé wọn ò mí tẹ́lẹ̀!

Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí. "Baba àwọn ọmọ, ẹ̀yin tí ẹ ò rántí ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ yín, ẹ̀yin náà lẹ wá ń tún orí ọmọ ọlọ́mọ ṣe?"

"Kò lè yé ọ," ni Mọ̀ọ́ntán wí. "Ẹ̀bùn ni."

Ta ló wá ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo àkókò yìí? Agéṣọ rẹ̀ ni. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Kò fẹ́ ariwo, kì í wo ojú ènìyàn tó bá ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí rẹ̀ kì í ṣìnà. Kí ọ̀rọ̀ ṣáà ti jẹ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló bá a lára mu. Tí ọ̀gá bá ní, "Fi díẹ̀ kún apá yẹn," á béèrè pé:

"Íǹṣì mélòó ni díẹ̀?"

"Díẹ̀ ni díẹ̀!"

"Lánàá, díẹ̀ jẹ́ íǹṣì kan. Tòní ńkọ́?"

Ọ̀gá á pòṣé, á yí rédíò sókè, á padà sídìí fóònù.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí olórí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan fi gbé iṣẹ́ wá: aṣọ iṣẹ́ funfun, ogójì, kó jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ ò wọ ṣọ́ọ̀bù náà rí. Tó bá yọrí, ọwọ́ wọn ni aṣọ ilé ìwòsàn á máa wà lọ́dọọdún. Tó bá bàjẹ́, ó di ti aránṣọ tó wà ní òdìkejì títì, ẹni tí Mọ̀ọ́ntán ti sọ fún gbogbo ayé pé kò mọ bọ́tìnnì í rán.

Lọ́jọ́ Ajé, ìbéèrè kan wọlé sójúewé Baba Ìtura. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi orúkọ sí i.

"Mo ní ọ́tísíìmù. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n ọ̀gá mi máa ń yí rédíò sókè, orí sì máa ń fọ́ mi. Tó bá ń jáde, á ní 'mò ń bọ̀', bẹ́ẹ̀ lílọ ló ń lọ, ó di wákàtí mẹ́rin kí n tó rí i. Kí ni kí n ṣe?"

Ẹ jọ̀ọ́, ta ni kì í sọ pé "mò ń bọ̀" tó bá ń jáde nínú wa? Ìdí nìyẹn tí Mọ̀ọ́ntán ò fi rí ojú ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. Inú bí i dé góńgó, ó na ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́:

"Òpùrọ́ paraku ni ọ̀gá rẹ! Ẹni tó ń lọ tó ní òun ń bọ̀! Fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ́la. Kó irinṣẹ́ rẹ. Má kí i. Dúró lẹ́nu ọ̀nà, rín in lẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà lẹ́ẹ̀mẹta, kó o máa lọ. Tó bá ní kó o padà, má padà. Mí sínú, mí síta."

Igba ènìyàn ló kan sáárá sí i. Ó na fóònù sí agéṣọ. "Wo bí mo ṣe ń gba ẹni ẹlẹ́ni sílẹ̀!"

"Mo ti kà á," ni agéṣọ wí.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, agéṣọ kó àlùmọ́gàjí, téèpù àti ṣọ́ọ̀kì rẹ̀ sínú àpò. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ojú rẹ̀ ò yí padà rárá, ó ní: "Hà. Hà. Hà." Ó mí sínú, ó mí síta, ó sì bọ́ sójú títì.

"Kí lò ń ṣe yìí?" Mọ̀ọ́ntán sáré tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà.

"Mò ń lọ," ni ó dáhùn. Òun ò purọ́ ní tirẹ̀.

Mọ̀ọ́ntán ṣì ń pariwo nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ ni: "Ẹ ṣé, Baba Ìtura. Mo ti ṣe é bí ẹ ṣe wí. Ọ̀gá mi wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó fi téèpù kọ́ ọrùn, ó ń pariwo."

Mọ̀ọ́ntán wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀: ẹnu ọ̀nà ni. Ó fọwọ́ kan ọrùn: téèpù ni. Yéè! Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Ojú ara tirẹ̀ gan-an ló sì fẹ́!

Ṣùgbọ́n ṣé Mọ̀ọ́ntán á gbà? "Aṣọ gígé ló le ni?" Ó mú àlùmọ́gàjí, ó fojú wọn aṣọ, díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún. Nígbà tí olórí nọ́ọ̀sì wá wọ ọ̀kan wò lọ́jọ́rú, apá ọ̀tún bo ìka, apá òsì ò kọjá ìgúnpá, ọrùn aṣọ sì fẹ̀ débi pé ó lè gba ibẹ̀ jáde láìtú bọ́tìnnì kan.

Olórí nọ́ọ̀sì wo ara rẹ̀ nínú dígí. "Ọ̀gá, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mí sínú..."

"Tí mo bá mí sínú, aṣọ yìí á já bọ́! Ọjọ́ Ẹtì, aago méjìlá. Tí ò bá pé, mo mọ òdìkejì títì."

Ẹ̀rù wá ba Mọ̀ọ́ntán lóòótọ́. Ó pinnu pé òun á fara pa mọ́, òun á bi àwọn ará ojúewé òun léèrè bí ẹlòmíràn. Ó kọ ọ́ pé: "Òṣìṣẹ́ mi tó dáa jù ti lọ. Àyà mi ń já, oorun ò kùn mí. Kí ni kí n ṣe?" Ó ti fi ránṣẹ́ tán kó tó rí i pé orúkọ Baba Ìtura ló wà lókè rẹ̀ gbàgàdà!

Ìdáhùn wá ń rọ́ wọlé. "Baba, ẹ lọ sá eré." "Baba, ẹ mí sínú, ẹ mí síta." Obìnrin tí dókítà fún lóògùn, ní tirẹ̀, ní: "Baba, ṣé ẹ tiẹ̀ ti wo fídíò?"

Ìyàwó rẹ̀ kà á sókè, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó nu ojú. "Ẹ dìde, ẹ lọ bẹ ọkùnrin náà. Ẹsẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ fi lọ, kì í ṣe ìka."

Ẹ̀gbọ́n agéṣọ, obìnrin kan tó ń lọṣọ lọ́wọ́, ló ṣílẹ̀kùn fún un nírọ̀lẹ́. Agéṣọ jókòó sí kọ̀rọ̀, ó ń ká téèpù.

"Jọ̀ọ́, padà wá," ni Mọ̀ọ́ntán wí.

"Baba Ìtura ní tí ẹ bá ní kí n padà, kí n má padà."

"Baba Ìtura ò mọ nǹkan kan!" Ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé gbé mì mọ́, ó ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Èmi... èmi gan-an ni Baba Ìtura."

Ó ń retí kí ọkùnrin náà kígbe. Agéṣọ kàn ká téèpù rẹ̀ lọ. "Mo mọ̀. Tábìlì ìgéṣọ wa ló wà lẹ́yìn yín nínú gbogbo fọ́tò tó wà lójúewé yẹn."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sáré wọ yàrá lọ. Ẹ̀rín rẹ̀ la ògiri kọjá.

"Ẹ pa rédíò," ni agéṣọ wí. "Ẹ máa kọ íǹṣì sílẹ̀. Tí ẹ bá ń jáde, ẹ sọ pé ẹ ń lọ, kí ẹ sọ aago tí ẹ máa dé. Aṣọ mélòó lẹ ti bàjẹ́?"

"Díẹ̀ ni."

"Mélòó ni díẹ̀?"

"Mẹ́rin."

"Ó ṣeé tún ṣe. Màá dé lọ́la ní aago mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ogójì á pé lọ́jọ́ Ẹtì."

Ara tu Mọ̀ọ́ntán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n tó o bá mọ̀ pé èmi ni, kí ló dé tó o fi lọ bi mí lórí ayélujára? Ṣé a ò jọ wà nínú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni?"

"Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti kọ́kọ́ bi yín," ni agéṣọ wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹ ní kí n dákẹ́, pé ẹ ń dá àwọn tó ní ọ́tísíìmù lóhùn."