Ọwọ́ Kan Tó Kù Nípàdé

"Bàbá Ìbejì, garawa ti kún."

"Gbé abọ́ síbẹ̀."

"Abọ́ náà ti kún."

"Ìkòkò ńkọ́?"

"Ẹ fẹ́ kí n fi òjò se ọbẹ̀ ni?"

"Fọkàn balẹ̀! Kí n ṣáà dé ìpàdé òní. Wàá rí i bí òfin ilé ṣe máa wọlé bí ọkọ ìyàwó!"

Bó bá ṣe pé ẹnu ṣeé fi bo ilé ni, òjò ì bá má ráyè wọ yàrá onígbàjámọ̀ yìí. Mo-Ti-Mọ̀ ni àwọn tó ń gẹrun lọ́dọ̀ rẹ̀ sọ ọ́. Bí o bá sọ fún un pé ṣòkòtò rẹ̀ ti ya nídìí, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Òfin méjì ló délẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú ní ọ̀kan péré làwọn lè mú lọ́dún yìí, kí àwọn ará àdúgbò bá àwọn yàn án: òfin tí yóò fipá mú onílé tún òrùlé tó ń jò ṣe, tàbí èyí tí yóò ti ilé tẹ́tẹ́ pa.

Lójú ọ̀nà, Mo-Ti-Mọ̀ yà sọ́dọ̀ onítẹ́tẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo èèyàn ló ń ta tẹ́tẹ́ pé òfin ilé ló máa wọlé. Ẹni tó bá mú òfin tẹ́tẹ́, tó bá sì jẹ, tẹlifíṣọ̀n tó tó ilẹ̀kùn ni!"

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Ó gba tíkẹ́ẹ̀tì, ó tì í bọ àpò.

Ariwo ti gba ìpàdé.

"Tẹ́tẹ́ ti gbé bàtà ọkọ mi lọ!" ni aránṣọ kan ń pariwo.

"Ẹni tí òjò ń pa lórí ibùsùn, bàtà ni yóò wọ̀ sùn?" Ìyàwó Mo-Ti-Mọ̀ nìyẹn.

Ọkọ rẹ̀ dìde, ó wúkọ́ bí ọba. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí òrùlé ọmọ tuntun ó jò!"

Àtẹ́wọ́! Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn, kí gbogbo ayé lè rí ẹni tó ni ín.

Alága ní kí wọ́n nawọ́. Òfin ilé, ogójì. Òfin tẹ́tẹ́, ogójì.

"Ta ni kò tíì nawọ́?"

Gbogbo orí yí padà. Mo-Ti-Mọ̀ ni! Ó ti ń ṣọ́ ibi tí ayé ń lọ, ọwọ́ lápò. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó rí òrùlé. Ó dijú, ó rí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ ti ilé tẹ́tẹ́ pa!"

Ọwọ́ lọ sókè, pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì nínú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, kí ni bébà yẹn?"

Kò gbọ́. Ó ti ń fò. "Mo jẹ! Mo jẹ o! Onítẹ́tẹ́, tẹlifíṣọ̀n mi dà?"

Alága gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, ó kéde: láti ìrọ̀lẹ́ yìí, kí gbogbo ilé tẹ́tẹ́ wà ní títì pa, kí ẹnikẹ́ni má gba tẹ́tẹ́, kí ẹnikẹ́ni má sì san ẹ̀bùn rẹ̀.

Onítẹ́tẹ́ ti dìde, kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ yín ló tì mí pa. Àbí ẹ ò mọ̀ ni?"

"N ò... n ò mọ̀."

Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Níta, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó gba ẹnu ọ̀nà lọ.

"Bàbá Ìbejì, ẹ ra garawa kan sí i bí ẹ bá ń bọ̀. Òun la ó jọ máa wò."