Tọ́bò Ọwọ́ Ìyàwó

Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan dúró nísàlẹ̀ òkè, búlọ́ọ̀kù kún ẹ̀yìn rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Tọkọtaya ló jókòó síwájú. Àdéhùn wọn ò lọ́jú pọ̀: bí ọkọ̀ yìí bá tún kú sórí òkè lónìí, ọ̀la ni wọ́n máa tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Ọkọ ti lọ fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fún ẹ́ńjìnnì lágbára, sí ọkọ̀ náà, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìyàwó gbé òkúta tó máa ń fi ti táyà sórí itan, nítorí kò gbà gbọ́ pé tọ́bò lè gbé ọkọ̀ gòkè.

ÌYÀWÓ: Bàbá Ìbejì, kí ni irin gígùn tó yọrí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi yìí?

ỌKỌ: Òun ni ọwọ́ tọ́bò. Fara balẹ̀, Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ni. Èéfín ẹ́ńjìnnì ló ń yí tọ́bò, tọ́bò ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì. Àwọn irin pẹlẹbẹ kéékèèké kan wá yí i ká. Tó o bá fa ọwọ́ yẹn, wọ́n á pa dé, ojú ọ̀nà á fún, èéfín á sáré...

ÌYÀWÓ: Bí ìgbà téèyàn bá fi àtàǹpàkò dí ẹnu rọ́bà omi.

ỌKỌ: (Ẹnu yà á.) Ta ló sọ fún ẹ?

ÌYÀWÓ: Ta ló ń fọ ọkọ̀ yìí láti ìgbà tá a ti fẹ́ra? Ẹ máa bá ìmọ̀ yín lọ.

ỌKỌ: Tí ẹ́ńjìnnì bá ti wá ń sáré, o gbọ́dọ̀ ṣí wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, afẹ́fẹ́ á pọ̀ jù, ẹ́ńjìnnì á bẹ́. Nínú ọkọ̀ òde òní, kọ̀ǹpútà ló ń pa wọ́n dé, òun náà ló ń ṣí wọn. Tiwa yìí dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Mẹkáníìkì tó bá mi fi tọ́bò sí i ní ọkọ̀ yìí ò ní ọpọlọ, ká wá ẹni tó ní ọpọlọ kó di ọwọ́ náà mú.

ÌYÀWÓ: Ló bá gbé e sọ́dọ̀ mi.

ỌKỌ: Ó ní kò sáyè lọ́dọ̀ mi ni! Gíà ti gba ibẹ̀.

ÌYÀWÓ: Mẹkáníìkì yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ.

(Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Ó ń mí gúlegúle. Bàbá arúgbó kan tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá lára wọn, ó ní, "Ẹ kú ìrọ́jú o.")

ỌKỌ: Fà á!

ÌYÀWÓ: Ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?

ỌKỌ: Ìwọ ni! Ọkọ̀ fẹ́ kú!

ÌYÀWÓ: Tó bá kú, ọ̀la la máa tà á.

ỌKỌ: Ọkọ̀ tí mo fi gbé ẹ lọ bí ìbejì!

ÌYÀWÓ: Ó kú sọ́nà. Ẹsẹ̀ mi ni mo fi dé ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì.

ỌKỌ: Jọ̀ọ́, adúmáadán mi!

ÌYÀWÓ: Lánàá, mo ní ohùn ẹ́ńjìnnì yìí yàtọ̀. Kí lẹ fèsì?

ỌKỌ: (Ẹ́ńjìnnì ń wúkọ́, òun náà ń wúkọ́.) Mo ní... obìnrin ò mọ nǹkan kan nípa ọkọ̀.

ÌYÀWÓ: Lónìí ńkọ́?

ỌKỌ: Lónìí, ìwọ gan-an ni kọ̀ǹpútà!

(Ìyàwó fa ọwọ́ náà. Tọ́bò súfèé. Ọkọ̀ fò síwájú bí ewúrẹ́ tó gbọ́ ìró pàṣán. Wọ́n kọjá bàbá arúgbó, wọn ò ráyè dá a lóhùn.)

ỌKỌ: Yéè! Ó ń lọ o!

ÌYÀWÓ: Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀! Kí lẹ̀ ń ṣojú àánú sí?

ỌKỌ: Ó tó, ṣí i! Ọwọ́ aago ẹ́ńjìnnì ti fẹ́ wọ ojú pupa!

ÌYÀWÓ: Kò tíì wọ̀ ọ́.

ỌKỌ: Á bẹ́ o, Ìyá Ìbejì!

ÌYÀWÓ: Ẹ dákẹ́ ná, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ohun tó ń sọ. (Ó dẹtí, ó rọra dá ọwọ́ náà padà.) Ó ti tó báyìí.

(Ohùn ẹ́ńjìnnì rọ̀ wọ̀ọ̀. Wọ́n yọ sórí òkè. Ọkọ pa iná ọkọ̀, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.)

ỌKỌ: A gùn ún! Ṣé... ṣé a ṣì máa tà á?

ÌYÀWÓ: Ta ló ń ta ọkọ̀? Ẹni tó bá tún mú oníbàárà irin wá sẹ́nu ọ̀nà mi, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fà á.

ỌKỌ: Gbogbo àdúgbò á máa bi mí bí mo ṣe wà á dókè. Kí ni kí n sọ?

ÌYÀWÓ: Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ. Ẹ ní ìyàwó yín ló wa ọkọ̀, ẹ̀yin kàn ń bá a di sítíárìn mú ni.